Okùn Kan, Ewé Méjì

"Okùn yìí ti mu èèkàn tirẹ̀," Aṣọ́kùn wí. "Kò sí èkejì."

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìbíwùmí gbé ọwọ́ kúrò lójú awo omi, ó nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́, ó sì tún gbé e padà bí ẹni tó rò pé ìka òun ló jẹ̀bi. Awo náà fẹ̀ tó ẹní tí èèyàn méjì lè sùn lé. Omi inú rẹ̀ kì í mì àfi tí Aṣọ́kùn, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ okùn ara gbogbo èèyàn, bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn tó sì ń ti inú rẹ̀ jáde jẹ́ ti ìyá àgbàlagbà kan ará Ọ̀yọ́ tó yá ìjọba ní ohùn rẹ̀ kó tó di ará ọ̀run. Ohùn náà tutù, ó sì dùn, débi pé bó bá fi ohun tí ò ń wá dù ọ́, o lè ti dúpẹ́ tán kó o tó mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò mu nǹkan kan rí," ni Ìbíwùmí dáhùn. "Ìyá mi ló mu ún. Ìbejì ni wọ́n."

"Okùn kan ni mo rí," Aṣọ́kùn wí, omi náà sì dákẹ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ awo ni ife èèkàn, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, wà, ife dígí kan tó gba omi ìkúnwọ́ méjì, tí ohun inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi tí wọ́n rẹ ewé tíìkì sí. Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ èèkàn inú rẹ̀ láti ìdájí. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, òun ni agbẹ́ẹ̀kàn ní Ilé Èèkàn Igbó-Ọrà láti ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n agbẹ́ẹ̀kàn kì í ṣí ife. Aṣọ́kùn nìkan ló ń ṣí ìdérí, bí kò bá sì ṣí i, o lè fi òòlù lù ú títí ọwọ́ á fi bó. Èèkàn kì í sì í rí ọ̀la. Bí oòrùn ọjọ́ tí a gbẹ́ ẹ bá ti wọ̀, yóò tú sínú omi, kò ní wúlò fún ewúrẹ́ pàápàá. Ara kò gbà kí a tún òun wọ̀n láti gbẹ́ òmíràn kí oṣù mẹ́ta tó kọjá, jẹjẹrẹ tó wà lára ẹ̀dọ̀ Màmá Kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ náà, kò sì ní oṣù mẹ́ta tó fẹ́ yá ẹnikẹ́ni.

Ọyẹ́ ti bo ìlú. Ọyẹ́ ìsinsìnyí kì í ṣe irú èyí tí àwọn baba wa mọ̀, olómi ni, ó máa ń rọ̀ sórí nǹkan bí aṣọ tí wọn ò fún dáadáa. Láti ojú fèrèsé, Igbó-Ọrà kò jọ ìlú tí èèyàn ń gbé, ó jọ èyí tí ẹnì kan ń rántí. Àwọn òrùlé ń mu kùrukùru, wọ́n ń sọ ọ́ di omi sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ ilé, ìró mímu wọn sì ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ káàkiri àdúgbò. Àwọn èèyàn ń ti inú kùrukùru náà yọ ní méjì méjì, ojú kan náà, ìrìn kan náà, wọ́n tún ń wọnú rẹ̀ lọ. Ìlú ìbejì ni Igbó-Ọrà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn àgbà ní ìlasà tí à ń jẹ ló fà á, àwọn onímọ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ìlasà náà lọ.

Alàgbà Ọ̀jẹ́níyì, ọ̀gá Ilé Èèkàn, wọlé tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, kì í kánjú, bó bá sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó le, ó máa ń kọ́kọ́ wá ibi jókòó. Ó jókòó.

"Ìbíwùmí, kí lo kọ sórí ewé ìyá rẹ nínú ìwé Aṣọ́kùn lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn?"

Ìbíwùmí ń nu etí awo tí kò dọ̀tí.

"Mo ti lọ wò ó. O kọ ọ́ pé ó lọ ṣẹ́gi."

"Kí lẹ bá ní kí n kọ, Ọ̀gá? Ìbejì ni ìyá mi."

"Mi ò bá ọ wí. Èmi náà kọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò bàbá mi. Ta ni kò kọ bẹ́ẹ̀ nílùú yìí?"

Òótọ́ ló sọ. Ní Igbó-Ọrà, a kì í sọ pé ìbejì kú. Bí ọ̀kan bá lọ, a máa ń ní ó lọ ṣẹ́gi ni, kí èyí tó kù má baà yí ọrùn padà kó sì tẹ̀ lé e. Àwọn baba ńlá wa ti ń sọ bẹ́ẹ̀ kó tó di pé ẹ̀rọ wáyé, nígbà tí ẹ̀rọ sì dé tí wọ́n ní ká wá máa ròyìn òkú wa fún un, ohun tí a mọ̀ náà la sọ.

"Ìbàdàn tún kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá," Ọ̀jẹ́níyì ní. "Wọ́n ní irínwó ìbejì ó lé mẹ́tàdínlógún ló ti ìlú wa lọ ṣẹ́gi tí wọn ò tíì dé. Wọ́n ní èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti pé ọgọ́jọ ọdún. Wọ́n ní irú igbó wo nìyẹn."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní igi ibẹ̀ ló dára."

Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀jẹ́níyì fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí awo.

"Wò ó. Ewé méjì ló wà lórí okùn yẹn, ọ̀kan Táyé, ọ̀kan Kẹ́hìndé. Méjèèjì ló wà ní ṣíṣí. Aṣọ́kùn kò mọ ojú, okùn ló mọ̀. Ó rí i pé èèkàn kan ti wọ okùn yìí, kò mọ ẹnu tó gbà wọlé. Ìwọ náà mọ ohun tí èèkàn kejì ń ṣe nínú ara kan náà, á kọjá lára jẹjẹrẹ, á wọnú mùdùnmúdùn egungun. Ìdí nìyẹn tí òfin fi wà. Òfin ò burú, ibi tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n ti kọ ọ́ ni kò sí ìbejì. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá pa ewé Táyé dé, èèkàn á bá Táyé lọ, ọ̀nà á sì là fún Kẹ́hìndé."

"Ẹnì kan."

"Ọmọ ẹ̀jẹ̀. Òfin ò gba ẹlòmíràn. Ìwọ nìkan sì ni ọmọ. Ọ̀rọ̀ kékeré ni: ìyá mi kú. Kò gba 'ó lọ ṣẹ́gi', kò gba 'ó re ibi àgbà ń rè', kò gba 'ó sùn'. Mo ti dán gbogbo rẹ̀ wò rí."

"Màmá Kẹ́yìn á gbọ́, Ọ̀gá. Wọn ò ní gbà."

Alàgbà Ọ̀jẹ́níyì dìde, ó sì pẹ́ kó tó dìde tán. "Mi ò ní pàṣẹ fún ọ," ó ní. "Àmọ́ bí o bá pa á mọ́ra títí oòrùn fi wọ̀, èyí tó kù náà á lọ ṣẹ́gi."

Màmá Kẹ́yìn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣe ògiri kó máa móoru fún àwọn aláìsàn. Àga méjì ló gbà nígbà tó dé láàárọ̀. Ó jókòó sórí ọ̀kan, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kan èkejì. Àkàrà méjì ni wọ́n fún un, ó ti jẹ ọ̀kan, ó ti di èkejì sínú ewé. Ìdajì ló ń jẹ lára ohun gbogbo láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kì í ṣe pé kò lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Onídìrí ni òun àti Táyé láti ìgbà èwe. Bí oníbàárà bá jókòó, Kẹ́hìndé á bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, Táyé á bẹ̀rẹ̀ lápá òsì, wọ́n á sì pàdé láàárín orí láìwo ojú ara wọn. Láti ìgbà tí Táyé ti lọ ṣẹ́gi, apá ọ̀tún ni Màmá Kẹ́yìn ń dì. Bó bá dé àárín orí, á gbọn aṣọ rẹ̀ nù, á ní kí oníbàárà máa lọ, Táyé á parí rẹ̀ tó bá dé. Àwọn obìnrin ìlú a sì gbé ìdajì orí wọn lọ sọ́dọ̀ onídìrí mìíràn láìráhùn, nítorí pé ìdajì tirẹ̀ yẹn dára ju odindi ti ẹlòmíràn lọ. Orí Ìbíwùmí náà wà bẹ́ẹ̀ láti alẹ́ àná. Apá ọ̀tún ń dán, apá òsì dúró gan-an bí koríko orí ààtàn.

Ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

"Ṣé ó ti ṣí i?" Màmá Kẹ́yìn bi í.

"Kò tíì ṣí i, Màmá."

"Ìyá ará Ọ̀yọ́ yẹn lágídí o." Ó fa ìborùn mọ́ra. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ọsàn láti oṣù kan, ara rẹ̀ sì ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bíi tàtijọ́. "Tún un sọ fún mi, Àwẹ̀ró. Kí ni èèkàn yẹn fẹ́ lọ ṣe níkùn mi?"

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé tí Ìbíwùmí máa sọ ọ́, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe pé Màmá ti gbàgbé. Ó kàn ń gbọ́ ọ bí àlọ́ ni.

"Nínú hóró ara kọ̀ọ̀kan, okùn kan wà níbẹ̀, Màmá, ó gùn, ó tín-ín-rín. Fọ́nrán méjì ló lọ́ mọ́ra wọn. Àmọ́ níbòmíràn, okùn náà máa ń ká lé ara rẹ̀ lórí, fọ́nrán á di mẹ́rin, á wá di kókó."

"Bí irun tí wọn ò yà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Hóró tó bá fẹ́ di méjì gbọ́dọ̀ tú kókó yẹn kó tó lè rí okùn mìíràn ṣe. Hóró tí ara rẹ̀ dá máa ń fara balẹ̀ tú u. Jẹjẹrẹ kì í fara balẹ̀. Bíbí ló ń bí sí i, kókó sì pọ̀ lára okùn tirẹ̀. Èèkàn yìí á wọ àárín kókó náà, á jókòó síbẹ̀, kò ní jẹ́ kó tú."

"Jẹjẹrẹ á wá fà á."

"Á fà á, Màmá."

"Okùn á já."

"Á já. Yóò sì kú."

Màmá Kẹ́yìn mi orí bí ọ̀gá tí ọmọṣẹ́ wá ròyìn fún. "Gbogbo orí tí mo ti dì láyé yìí, oníwàdùwàdù ló ń já irun. Onísùúrù kì í já a. Ẹ ò bá ti wá bi wá léèrè, kẹ́ ẹ tó lo ọgọ́rùn-ún ọdún nílé ẹ̀kọ́."

"Gbogbo rẹ̀ lẹ sì máa mu. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, mo ti sọ ọ́. Bí a bá mu ún lábọ̀, ńṣe ló ń kọ́ jẹjẹrẹ bí wọ́n ti í tú kókó."

"Mo gbọ́."

Ìbíwùmí wo ilẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè sọ ohun tó kù tí kò ní dà bí òkúta. "Màmá, ewé Màmá Táyé ló dí ọ̀nà mọ́ yín. Ó ṣì wà ní ṣíṣí. Aṣọ́kùn fẹ́ kí ẹnì kan sọ ibi tí wọ́n wà."

"Wọ́n lọ ṣẹ́gi."

"Kò gba ìyẹn."

"Mo ní wọ́n lọ ṣẹ́gi." Ohùn rẹ̀ kò ga, kàkà bẹ́ẹ̀ ó lọ sílẹ̀. "Èmi lẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo rán an wáyé pé kó lọ tọ́ ọ wò fún mi. Ó tọ́ ọ wò, ó ké, mo gbọ́, mo tẹ̀ lé e. Gbogbo ibi tó bá kọ́kọ́ dé lèmi náà ń dé. Bí o bá wá fi ẹnu ara rẹ sọ pé ó ti dé ibẹ̀ yẹn, kí lo rò pé ẹsẹ̀ mi á ṣe?"

"Bí ẹ ò bá mu èèkàn yìí, ẹsẹ̀ yín á lọ bákan náà."

"Ìyẹn á jẹ́ ìrìn tèmi. Kò ní jẹ́ pé ìwọ lo tì mí." Ó gbé ọwọ́ lé orí Ìbíwùmí, lápá ọ̀tún. "Ẹnu ẹni la fi ń kọ mèéjẹ. Bí o bá sọ ọ́, mi ò ní mu ún."

Ìbíwùmí padà sídìí awo. Ẹ̀rù bà á, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ó bá dákẹ́, Màmá Kẹ́yìn á kú. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tí Màmá Kẹ́yìn sì kọ̀ láti mu ún, yóò kú náà, gbogbo ìlú á sì mọ ẹnu tó pè é lọ. Ọmọ tó fi ẹnu pa ìyá méjì ni wọn yóò máa pè é, wọn ò sì ní fi ariwo sọ ọ́, wọ́n á kàn máa sún àga wọn díẹ̀ bó bá jókòó.

"Fi okùn náà hàn mí," ó ní.

Omi inú awo mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà gbéra bí èéfín, ó kún iyàrá, okùn ara Màmá Kẹ́yìn sì na ara rẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ó ń yí, ó ń lọ́, ó nípọn tó apá èèyàn. Agbẹ́ẹ̀kàn lè rìn nínú rẹ̀, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ìbíwùmí rìn. Okùn náà ń gba ara rẹ̀ kọjá láìsí ìwúwo, ó ń fi àwọ̀ búlúù díẹ̀ sílẹ̀ lórí ọwọ́ rẹ̀, ó sì jọ pé ó ń rìn nínú odò tí kò tutù. Níwájú ni kókó náà wà. Fọ́nrán mẹ́rin dì mọ́ra, wọ́n tò lé ara wọn bí abọ́ tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n kó jọ, ihò kékeré kan sì wà láàárín wọn tí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò wò kò ní rí. Ihò yẹn ló gbẹ́ èèkàn fún ní ìdájí. Ó rántí nísinsìnyí pé òun ti rí i rí. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí kò tíì mọ iṣẹ́, ó dúró síbí yìí kan náà, ẹlòmíràn ló ń gbẹ́ èèkàn, kókó tó wà nínú ìyá rẹ̀ ló sì ń wò. Wọ́n ti pẹ́ jù kí wọ́n tó gbé ìyá náà wá.

"Ìyá rẹ nìyí," Aṣọ́kùn wí.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni."

"Ìyá rẹ ni. Ìdajì okùn rẹ, inú èyí ló ti wá."

Kò bá a jiyàn. Nígbà tó wà léwe, bí ó bá sùn lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, ó lè jí lẹ́yìn èkejì, kò sì ní sunkún. Kò béèrè rí èwo nínú wọn ló bí òun, àfi ọjọ́ tí tíṣà ní kí kálukú sọ orúkọ ìyá rẹ̀, tó sọ méjì, tí wọ́n ní kó mú ọ̀kan. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé ìyá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àánú wọn sì ṣe é.

Nígbà tí Táyé lọ, kò sẹ́ni tó wá bá a jókòó. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi ṣe. Ìbejì kì í kú, ta ni yóò wá kí ọmọ ẹni tó lọ ṣẹ́gi? Bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n á ní, "Wọ́n ti dé?" Á ní, "Wọn ò tíì dé." Wọ́n á ní, "Ọ̀nà á rọ̀ wọ́n lọ́rùn," wọ́n á sì kọjá. Ilé ìwẹ̀ ló ti ń sunkún, ó máa ń ṣí omi sílẹ̀ kó máa dà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún kan, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró, kò sì mọ̀ bóyá ó parí ni tàbí ó kàn rẹ̀ ẹ́.

Oòrùn ti yà sí ògiri ìlà-oòrùn. Ó wò ó, ó wo ife. Nígbà tó kúrò nínú okùn náà, ó ti mọ ohun tí yóò ṣe. Kò mọ bí yóò ti parí.

Ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di Màmá Kẹ́yìn lápá mú, ó mú un wọlé, ó sì fi í jókòó sórí àga nídìí awo. Ó padà lọ gbé àga kejì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́yìn yín," ó ní. "Mo máa sọ ọ́ lójú yín. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ rí mi níbí."

 Ìbíwùmí gbé ọwọ́ lé awo.

"Aṣọ́kùn, mo fẹ́ pa ewé kan dé."

"Ta ni ọ́?"

"Ìbíwùmí, ọmọ Táyé."

Omi mì. "Ọmọ okùn yìí ni ọ́. Ewé méjì ló wà lórí rẹ̀. Sọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Àwẹ̀ró," Màmá Kẹ́yìn pè é. Kò bínú. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì le jù.

Ìbíwùmí kò gbé ọwọ́ kúrò lójú awo. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tí kì í ṣe ìbejì, ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ lórí ìwé, kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ lórí ahọ́n.

"Ìyá mi kú," ó ní. "Táyé ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló kú, nínú ọyẹ́, ọdún kẹsàn-án rèé. Mo wà níbẹ̀." Ó mí. "Ìyá mi wà láàyè. Kẹ́hìndé ni orúkọ rẹ̀. Ó jókòó síbí yìí."

Omi náà pẹ́ kó tó dákẹ́.

"Mo ti gbọ́ méjèèjì," Aṣọ́kùn wí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ, pẹ̀lú ohùn ìyá ará Ọ̀yọ́ yẹn, ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kó máa sọ bí ewé bá padé: "Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Ìbíwùmí di etí awo mú. Ẹ̀rọ ni, ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, kò mọ Táyé yàtọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ti kí i bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Omijé kò bi í léèrè kó tó dé, ó kàn ń ṣàn sínú awo ni, kò sì ṣí omi kankan láti fi bò ó.

"Ẹ̀yin náà, Ìyá," Aṣọ́kùn wí. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Màmá Kẹ́yìn jókòó gan-an.  Lẹ́yìn náà ó ní, bí a ti í dá àgbà tó kíni lóhùn, "A dúpẹ́."

Ìdérí ife ṣí.

Ìbíwùmí gbé e fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Màmá Kẹ́yìn kò gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n gbéra. Wọn ò gbéra.

"Mo ní bí o bá sọ ọ́, mi ò ní mu ún."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ó korò?"

"Màmá Táyé ní ó korò."

Ó gba ife, ó sì mu. Ó ń mu díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ń fún pọ̀. Nígbà tó dé ìdajì, ó dúró. Ó sọ ife náà kalẹ̀ sórí àga kejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife, bó ti ń bo abọ́, bó ti ń di àkàrà sínú ewé, láìròó rárá.

Ìbíwùmí rí i. Ìdajì burú ju òfo lọ. Oòrùn ara ògiri kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ mọ́, ó sì ń gòkè lọ. Ó fẹ́ la ẹnu, ó sì pa á dé. Ó ti sọ èyí tó lè sọ fún ẹni kan lọ́jọ́ kan, èyí tó kù kì í ṣe tirẹ̀.

Màmá Kẹ́yìn wo àga náà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó wà lórí ife, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án.

"Táyé ti mu tiẹ̀," ó ní.

Ó ká ọwọ́ kúrò lórí ife.

"Òun ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò," ó tún ní, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú iyàrá náà. Ó gbé ife, ó mu ìdajì tó kù, ó sì da ojú ife délẹ̀ lórí àga kí wọ́n lè rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lára ògiri. Lóde, àwọn méjì méjì ń darí sílé nínú kùrukùru. Bóyá èèkàn náà máa di kókó mú, bóyá kò ní dì í mú, oṣù tó ń bọ̀ ni yóò sọ ọ́. Ìbíwùmí jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Màmá Kẹ́yìn, ó gbé orí lé e lórúnkún bó ti máa ń ṣe ní kékeré.

"Yí apá òsì rẹ sí mi," Màmá Kẹ́yìn ní.

Ó yí i. Ọwọ́ náà dúró díẹ̀ lókè orí rẹ̀, kò mọ ọ̀nà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wọlé sínú irun, ó rí kókó àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kò kánjú rárá.